Ohun Ìkọ̀wé Tí Èmi àti Lindiwe Kọ́ ní Bertrams

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà tó kọjá, tí í ṣe ìgbà ọ̀gìnnìtìn ní Jozi níbí, òtútù mú gan-an ní ọ́fíìsì wa ní Sandton, ẹnì kan sì gbé hítà àtijọ́ kan jáde, ó tàn án. Bí eruku inú rẹ̀ ti ń gbóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Àwọn yòókù ń fọwọ́ bo imú. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Òórùn kọ̀ǹpútà ilé wa ní Bertrams gan-an nìyẹn, ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ilé àtijọ́ ni ilé náà, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó tó máa ń dún bí èèyàn bá ń rìn. Àwa gba iwájú. Lindiwe àti ìyá rẹ̀ gba yàrá méjì tó wà lẹ́yìn. Ọmọ Zulu ni Lindiwe, kíláàsì kan náà la jọ wà, oorun nìkan ló sì máa ń yà wá.

Ibi iṣẹ́ Dádì ni wọ́n ti fẹ́ ju kọ̀ǹpútà yẹn nù. Ó ti darúgbó débi pé kò lè gbé àwòrán kankan. Ojú dúdú lásán ló ní, tí lẹ́tà funfun ń jáde lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní láti tẹ àṣẹ sí i. Orí rẹ̀ ni Mọ́mì, akọ̀wé ìjọ Aládùúrà wa ní Berea, ti ń tẹ ìwé ètò ìsìn. Dádì ti to àwọn bọ́tìnì rẹ̀ kí wọ́n lè gbé àmì ohùn jáde, ṣùgbọ́n ohun ìkọ̀wé inú rẹ̀, ìyẹn ètò tí èèyàn ń ṣí kó tó lè tẹ ọ̀rọ̀, kò mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Àmì ìbéèrè ló ń sọ wọ́n dà. Nítorí náà Mọ́mì a máa tẹ Yorùbá rẹ̀ ní ìhòòhò. Ní ìkórè ọdún kan, ó tẹ "Ojo Ope" síwájú ìwé. Alàgbà tó ń darí ìsìn wò ó láìfi jígí sójú, ó sì ké e sókè pé, "Òjò Òpè." Ọjọ́ ọpẹ́ wa di òjò aláìmọ̀kan. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí àwọn akọrin fi ń nu ojú.

Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ní kí ètò kúkú máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣebí òun làwọn ọmọ fi ń dáhùn nílé. Irọ́ kọ́, Gẹ̀ẹ́sì lèmi náà fi ń dá Mọ́mì lóhùn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ìkórè kan sí i.

Nígbà tí ìkórè náà kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ ti gbé Dádì lọ sí Cape Town. Lórí fóònù, ó ṣàlàyé pé kóòdù tí wọ́n fi kọ́ ohun ìkọ̀wé yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, pé èyí tó jáde láìpẹ́ mọ lẹ́tà alámì, pé kí a lọ gbà á, kí a tún un kọ́ fúnra wa.

"Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀," ó ní. "Ẹ ṣáà ka ohun tó bá sọ fún yín."

Èmi àti Lindiwe rìn lọ sí ilé ìkàwé, a gba kóòdù náà sínú fláàṣì. Nígbà tí a délé, a tẹ àṣẹ àkọ́kọ́, èyí tó ń wò ó bóyá gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà nílò wà nínú ẹ̀rọ. Ìlà lórí ìlà ń sáré bí èèrà tí òjò lé. A wá tẹ "make", pé kó máa kọ́ ọ, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Ó parí, a pàtẹ́wọ́. Àmọ́ bí a ti ṣí i tí a tẹ lẹ́tà alámì kan, àmì ìbéèrè náà ló tún yọ.

Ẹkún ń gbọ̀n mí. Lindiwe kàn ní, "Eish," bí àwọn ará ibí ti máa ń ké tí nǹkan bá dojú rú, ó padà sí òkè pátápátá, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń ka Bíbélì. Níkẹyìn ó fi ìka kan ìlà kékeré kan tí mo ti fò: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti sọ pé òun kò rí irinṣẹ́ tó ń ya lẹ́tà alámì sójú. Lọ́jọ́ kejì a lọ gba ìyẹn náà, a kọ́ ọ, a sì tún ohun ìkọ̀wé kọ́ lé e lórí. Mọ́mì jókòó, ó rọra tẹ ọ̀rọ̀ méjì: Ọjọ́ Ọpẹ́. Wọ́n dúró lójú dúdú náà tàmì-tàmì. Ó wò wọ́n pẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìyókù ètò náà.

Mọ́mì kọ́ Lindiwe bí àmì ṣe ń gbé ohùn sókè tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èdè Zulu náà ní òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀, kò pẹ́ tó fi yé e. Lọ́jọ́ ìkórè, Lindiwe bá wa lọ, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ka Sáàmù inú ìwé ètò. Èmi gbé ọ̀rọ̀ mì bí ìṣe mi. Lindiwe ka tirẹ̀, ó dún ketekete.

Alàgbà yẹn yíjú sí àwọn òbí. "Ọmọ ta ni èyí nínú yín?"

"Ọmọ mi ni, sà," ni Mọ́mì wí.

Ẹnikẹ́ni kò tún dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Nínú táàsì tí a wọ̀ lọ sílé, Mọ́mì bi mí bóyá ebi ń pa mí, Yorùbá ni mo sì fi dá a lóhùn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá Lindiwe ríṣẹ́ sí Durban, wọ́n kó lọ. Nọ́ńbà fóònù yí padà, a sì sọ ara wa nù. Ilé Bertrams ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lónìí fóònù ọwọ́ yín ń gbé àmì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ohun ìkọ̀wé kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀, èyí sì dára.

Mọ́mì ti fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ fún ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Jozi níbí, tí kò tíì fojú kan Nàìjíríà rí. Yorùbá ló ń tẹ̀, kì í sì í yọ àmì kankan. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bá mi wí pé mo gbàgbé àmì kan lórí orúkọ mi nínú ìwé tí mo kọ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.