Ẹni Tó Ń Bú Mi Wà Nínú Ẹ́sítéètì Wa

Kéèkì ni mo ń ṣe tà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹnì kan tí kò lórúkọ, tí kò ní fọ́tò, fi bú mi lábẹ́ gbogbo kéèkì tí mo bá gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́pàá tí mo fẹjọ́ sùn l'Ájàh ní kí n lọ mú orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wá. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí ni mo fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ wọn?

Ní Sátidé kan, ó kọ ọ́ pé kí n yéé ṣe fáàrí, ṣebí omi ò yọ nílé mi láti àárọ̀. Mo fò dìde tayọ̀tayọ̀. Ẹ́sítéètì wa ní Ṣàngótẹ̀dó nìkan ni ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ pálábá ẹ̀ ti ségi. Kàkà kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ náà ní fọ́tò pamọ́, orí Wasáàpù ẹ́sítéètì ni mo sáré gbà lọ: “Ìwọ tó ń bú mi, mo ti mọ̀ pé àárín wa lo wà.”

Kí n tó padà sábẹ́ fọ́tò kéèkì mi, ó ti pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́.

Àwọn aládùúgbò wá ń bá mi kẹ́dùn: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tú àṣírí ẹ̀.” Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó dá mi lójú pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà.