Ọjọ́ Tí Amọ̀kòkò Jẹ́rìí Mi

"Ta ló rí i?"

Ìyá arúgbó tó ń tọ́ mi kò gbójú kúrò lára ìkòkò tútù tó ń fi ṣùkù àgbàdo yí lára láti fi ṣe ọnà sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé mo jẹ́rìí pé ewúrẹ́ aládùúgbò ló jẹ iṣu wa.

"Wọ́n ní òun ni, Ìyá."

"Wọ́n ní? Kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. Ojú ló ń jẹ́rìí, ọmọ mi, etí kì í jẹ́ ẹ."

Amọ̀kòkò ni, agbẹ̀bí sì ni. Òun ló gbà mí tọ́ nígbà tí ogun pa àwọn òbí mi. Láyé ìgbà yẹn, lápá Òmù-Àrán tiwa, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí níwájú ọba á fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, á sì fi eyín kan irin. Ìbúra Ògún tó ń ba àgbàlagbà lẹ́rù ni.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan ti òkèèrè dé, ó ní ọmọ ẹrú òun ni mí, pé ilé òun ni wọ́n bí mi sí kí ogun tó tú wọn ká. Ẹ̀rù bà mí títí mo fi tọ̀ sára. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ọba, ẹnu rẹ̀ dùn débi pé àwọn ìjòyè ti ń mi orí pé òótọ́ ni.

Ìyá arúgbó bọ́ síta, ó fi eyín kan ọ̀bẹ.

"Kábíyèsí, mo jẹ́rìí. Ọwọ́ mi yìí ló gbẹ̀bí ọmọ yìí. Ẹ bá mi bi ọkùnrin yìí: níbo ni wọ́n sin ìwọ́ ọmọ náà sí nílé tirẹ̀?"

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Rárá, ìdí ọ̀pẹ."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Igi méjì fún ìwọ́ kan!"

"Ìdí igi obì ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ni tiwa wà," ni ìyá arúgbó wí. "Ìṣaasùn tí mo fọwọ́ ara mi mọ ni mo gbé e sí. Ẹnu rẹ̀ ṣẹ́, ojú ṣùkù àgbàdo sì wà lára rẹ̀. Ẹ lọ wú u."

Wọ́n wú u. Ìṣaasùn jáde, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́, ojú ṣùkù sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ariwo sọ! Ọba ní ọmọ bíbí ìlú ni mí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí. Kí a tó wẹ̀yìn, ọkùnrin náà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá arúgbó pọ̀n mí, pẹ̀lú bí mo ti tóbi tó, ó sì jó délé. Inú mi dùn, mo sunkún.

Nísinsìnyí, ẹni tó sùn sílé á lọ sí kóòtù lọ jẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà. N ò bá wọn jà. Èmi ní tèmi, bí mo bá fẹ́ jẹ́rìí, mo máa ń bọ́ bàtà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnu arúgbó kan, oko ẹrú ni wọn ì bá ti bí ìyá wọn.