Bí Fóònù Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Ìlàjẹ Etí Omi

Ọdún tí ìjà Warri le gan-an ni Ìkúnayọ̀ ra fóònù. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹlòmíràn tó ní i ní abúlé àwọn Ìlàjẹ tó wà létí omi, lẹ́yìn Ogbe-Ijoh. Ẹja yíyan ni obìnrin náà ń tà. Akínsànmí ọkọ rẹ̀ ń pẹja, òun náà sì ni alàgbà ìjọ wọn. Jeddo, lẹ́bàá Warri, ni Ìkúnayọ̀ ń gbé báyìí, nítòsí ilé mi, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, kí ló dé tí àwọn ará ìlú ń du fóònù nígbà yẹn, tí àwọn tó wà lórí omi, tí kò sí títì tí wọ́n lè gbà lọ sílé ẹnikẹ́ni, kò sì fẹ́ fojú kàn án?

Ó ní, "Wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n ní ìdí."

Òun ní tirẹ̀ rà á ní ọjà ńlá Warri nítorí pé ó fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó ń gbé lọ́dọ̀ Babátúnjí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ní Òkìtìpupa, Babátúnjí sì ti ra tirẹ̀. Ẹni tó ń tà á bá a tẹ nọ́ńbà Babátúnjí, ó gbé fóònù sí Ìkúnayọ̀ létí, Ìkúnayọ̀ sì gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń wúkọ́.

"Ikọ́ yẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu," ó wí fún mi. "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo yí fóònù náà padà, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ihò kan wà níbẹ̀ tí ikọ́ gbà wọlé."

Nígbà tó gbé e délé, ibì kan ṣoṣo ló ti rí nẹ́tíwọ́kì: ìparí afárá pákó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló ń lọ dúró ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò na ọrùn bíi lékeléke. Akínsànmí kò bá a jà, àmọ́ kò fọwọ́ kan nǹkan náà.

"Ohùn tí kò ní ojú ni," ó wí. "Bí ọmọdé bá kí mi nínú rẹ̀, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó dọ̀bálẹ̀? Bí ẹnìkan bá ń purọ́ fún mi, ojú wo ni n ó wò?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìkúnayọ̀ lára. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Babátúnjí kọ́kọ́ gbé fóònù fún ìyá wọn, Ìkúnayọ̀ kúnlẹ̀ lórí pákó kó tó lanu. Ìyá náà sì bi í lóòótọ́.

"Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀, Ìyá."

"Ibo lo kúnlẹ̀ sí?"

"Orí afárá ni, Ìyá."

"Dìde, kí pákó má gún ọ."

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja fi ààrò sílẹ̀ wá wòran. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹni tó bá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pe ilé á kọ́kọ́ tún ìró rẹ̀ ró, á kúnlẹ̀, kó tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí kejì tí wọ́n fi ń sá fún un wúwo ju ti ìkíni lọ. Sọ́jà wà lórí omi nígbà yẹn, àwọn ọmọ tó ń gbé ìbọn nínú ìjà Warri náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní èdè tí ẹni tó jókòó tì í kò gbọ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Sọ́jà á rò pé àwọn ọmọ náà ló ń pè. Àwọn ọmọ náà á rò pé sọ́jà ni. Àwọn tó sì gbọ́ èdè Ìlàjẹ lórí omi Warri kò pọ̀.

Ìkúnayọ̀ mọ èyí, ṣùgbọ́n ó gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Ogbe-Ijoh, ó ń padà sílé. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí fóònù fi dún láyà rẹ̀, nínú ọ̀rá tó fi wé e kí omi má bàa ta sí i. Babátúnjí ni. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Ìkúnayọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fi Ìlàjẹ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ tán ló rí i pé gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò ó.

Níwájú díẹ̀, àwọn ọmọ oníbọn dá ọkọ̀ dúró. Ẹnìkan nínú èrò nawọ́ sí Ìkúnayọ̀. Ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Who you dey call? Wetin you tell soldier?"

"No be soldier," Ìkúnayọ̀ wí. "Na my brother."

"Call am. I wan hear."

Ìkúnayọ̀ gbà á, ó tẹ nọ́ńbà Babátúnjí, ó sì dá a padà fún un. Ọmọkùnrin náà gbé fóònù sétí ara rẹ̀. Babátúnjí rò pé ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ń rojọ́ lọ. Ọmọkùnrin náà fajú ro. Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy dìde nínú ọkọ̀. Ọmọ Ijaw ni, Ogbe-Ijoh ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ Ìkúnayọ̀. Nídìí ẹja yẹn ló ti gbọ́ Ìlàjẹ.

"Give me," ó wí. Ó tẹ́tí sí i títí. "He say im wife don born girl. He say make this woman give the pikin name."

Ọmọkùnrin náà wo Ìkúnayọ̀. Ó jọ pé òun gan-an fẹ́ mọ̀.

"Which name?"

Ìkúnayọ̀ kò tíì ronú kàn án. "Ọpẹ́yẹmí," ó wí, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

Ọmọkùnrin náà gbìyànjú láti pe orúkọ náà, kò pè é já. Ó dá fóònù padà. "For water, talk Pidgin," ó wí. "Make everybody hear wetin you dey talk."

Bí ó ṣe di òfin nìyẹn. Ìkúnayọ̀ délé, ó sọ fún àwọn ará abúlé pé ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù sọ̀rọ̀ lórí omi, kó fi Pidgin sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ sókè. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Àwa tí a wà ní ìlú, bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣe la máa ń yẹra fún èrò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá yẹra ni ewu ń wu.

Ní oṣù kẹjọ, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Warri. Ilé ń jó, ọ̀nà omi sì dí pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìkúnayọ̀ àti ọkọ rẹ̀ wà lórí afárá, Babátúnjí pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ọkọ yín."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá wọn sọ. Ẹ gbé e fún wọn."

Akínsànmí gba fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dorí fóònù náà kodò sétí. Ìkúnayọ̀ ló bá a yí i. Ó gbọ́ ọ títí, níparí ló ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣé tó jẹ́ èmi lẹ pè." Dípò kó dá fóònù padà, ó tì í bọ àpò, ó sì lọ jókòó ti àwọ̀n rẹ̀. Ìkúnayọ̀ wò ó, wò ó, kò rí ojú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ìyá ìjọ wọlé tọ Ìkúnayọ̀ wá. Wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí wọ́n tó sọ ọ́ ló ti mọ̀ pé ìyá òun ti lọ.

Ó bínú sí ọkọ rẹ̀. "Láti àárọ̀ lẹ ti mọ̀," ó wí.

"Láti àárọ̀ ni," Akínsànmí dáhùn. "Àbúrò rẹ ní òun ò lè túfọ̀ ìyá fún ọmọ lórí ẹ̀rọ. Kò sì rí ẹni rán wá. Ó ní kí n bá òun wá ẹnu àgbà. Bí mo bá fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ẹlòmíràn á pè, á sì já a lù ọ́ láyà."

Ìkúnayọ̀ kò lè lọ síbi ìsìnkú, nítorí ọ̀nà omi ṣì dí. Akínsànmí fúnra rẹ̀ ló ní, "Pe Babátúnjí. Sọ fún un kó gbé fóònù tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pósí."

Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, gbogbo abúlé dúró sẹ́yìn rẹ̀ lórí afárá. Ó gbọ́ orin àwọn ará Òkìtìpupa, ó gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù pé, "Ìyá, ó dàárọ̀ o. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ." Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹnìkan tó ń sunkún, nítòsí fóònù gan-an, ẹkún tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ra tí kò ṣeé pa mọ́. Kò mọ ẹni tí ń ṣe é. Káàdì tán, orin sì gé láàárín.

Nígbà tí ọ̀nà omi là, àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í ra fóònù. Ẹni tó bá rà á, nọ́ńbà alàgbà kan ló ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo gbà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Ìkúnayọ̀ lọ sí Òkìtìpupa lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó dúró létí sàréè, ó sunkún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ta ló ń sunkún nítòsí fóònù lọ́jọ́ yẹn?"

"Àwọn obìnrin ni, ẹ̀gbọ́n," Babátúnjí wí. "Wọ́n pọ̀ níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ tó gbé Ọpẹ́yẹmí dání wò ó. "Obìnrin kankan ò sún mọ́ fóònù yẹn, ẹ̀gbọ́n wa. Ọwọ́ bàbá Ọpẹ́yẹmí ló wà títí ìsìnkú fi parí."

Babátúnjí yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìkúnayọ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó, ó sì ní kí wọ́n wá oúnjẹ, pé ebi ọ̀nà ń pa òun.