Ọ̀já Tí Mo Fi Jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Pákó ni bàbá mi ń tà ní Bódìjà, ṣùgbọ́n ní ìlú wa, lọ́nà Ìmẹ̀kọ nítòsí ààlà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sí oníṣòwò pákó. Oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń sún mọ́lé, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ń lọ kí àwọn ìyá òun, á sì wọkọ̀ lọ sílé. Ìyá mi ló máa ń di ẹrù fún un. Ohun tó sì máa ń wà nínú ẹrù náà kì í ṣe aṣọ ọkùnrin: ìró ìyá mi tó dára jù ni, gèlè, àti ọ̀já tó fi pọn èmi àti àwọn àbúrò mi.

Mo bi í léèrè nígbà kan tí mo ṣì kéré pé, "Bàámi, kí ló dé tí ẹ fi ń wọ aṣọ Màámi jó?"

Ó ní, "Nítorí obìnrin ló bí gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ ìyá sí, kó gbé aṣọ ìyá wọ̀, kó mọ bó ṣe wúwo tó."

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Agbowó a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá mi ń ró ìró. N kì í bínú. Màá ní kí wọ́n lọ bi bàbá tiwọn bóyá ó lè jó o.

Bóyá ìyẹn náà ló gbé mi dé ibi tí mo ti kọ́ eré orí ìtàgé ní yunifásítì tó kọjú sí àdúgbò wa. Láàárín àwọn ọdún yẹn, ìyanṣẹ́lódì kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wa lọ geere. Nígbà tí wọ́n tún ti ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ijó wa, obìnrin kan tí kì í fẹ́ kí ọmọ jókòó lásán, kó àwa tí ilé wa wà n'Íbàdàn jọ. Ó ní a máa ṣe eré oníjó kan, a ó sì gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá. Ìtàn ìlú kan ni, tí wọ́n lé ìyá arúgbó kan jáde. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀ mọ́, àfìgbà tí wọ́n fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé.

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin gíga kan nínú kíláàsì wa ni wọ́n ní kó jó o. Mo kọ́ ọ ní ìwọ̀nba tí mo ti rí lẹ́sẹ̀ bàbá mi. Ìgbà tí eré kù díẹ̀, ọmọkùnrin náà rí iṣẹ́ sí Èkó, ó sì lọ. Olùkọ́ wa yíjú sí mi.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ìwọ ni kó o jó o."

"Mà, obìnrin kì í gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́."

"Ní ojúbọ ni, àbí lórí ìtàgé?"

"N ò mọ̀, mà."

"Lọ bi bàbá ẹ. Ohun tí wọ́n bá sọ la máa ṣe."

Bàbá mi ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi òkèlè sílẹ̀.

"Rárá. Ère igi tí a ń gbé sórí yẹn, ọkùnrin ló ń gbé e. Bí wọ́n ṣe fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn."

Mo ní ó dáa. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè tó fi bi bàbá mi pé:

"Bàbá, ìró ta lẹ fi jó lọ́dún tó kọjá?"

"Tìẹ ni."

"Ọ̀já ta lẹ fi gbàjá?"

"Tìẹ náà ni."

"N ò bá yín jiyàn lórí igi o. Mo kàn ń bèèrè ni."

Bàbá mi fọwọ́, ó jáde lọ jókòó níta, ó sì pẹ́ kó tó wọlé.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bá a láàárín pákó, ó jókòó sórí ìtì igi kan.

"Mo ti rò ó," ló wí. "Igi yẹn, má gbé e. Ti ojúbọ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn, ọwọ́ obìnrin ni àwa ọkùnrin ti ń yá a. Ìwọ tó o jẹ́ obìnrin, ta lo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kó o tó wọ̀ ọ́? Wọ̀ ọ́. Má fi nǹkan kan bojú. Jẹ́ kí wọ́n rí ojú ẹ."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi lẹ́yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́. Ó so ṣaworo mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ń fi ẹnu lùlù, ó ń fi ọ̀pá kékeré tọ́ka sí ibi tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ ṣì. Mo rò pé mo mọ ijó tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Nígbà tí mo bèèrè aṣọ tí màá lò, ó ní, "Aṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í jẹ́ ti ẹnì kan. Lọ yá a káàkiri."

Ìdílé púpọ̀ ló ń gbé ilé wa. Mo kọ́kọ́ lọ bá Àlàájà tó ni ilé. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ṣí àpótí, tó sì mú sányán tó fi ṣe ìyàwó jáde. "Jó dáadáa o," ló wí. "Aṣọ yẹn ò bá mi dójú ti ẹnikẹ́ni rí."

Mo wá kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, akọrin ni wọ́n pẹ̀lú. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n wò mí.

"Ṣé ẹ ò ní fi bọ òrìṣà?"

"Rárá, mà. Orí ìtàgé ni. Àwọn ìyá la fẹ́ fi kí."

Wọ́n jókòó sétí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ọ̀já kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ọ̀já funfun onílà búlúù tó ti ń ṣá.

"Èyí ni mo fi pọn àwọn méjèèjì. Ọ̀kan lọ, ó ku ọ̀kan. N ò fi yá ẹnikẹ́ni rí." Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Gbà. Ṣùgbọ́n mo máa wá fojú ara mi wò ó."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré, ìyá mi ló múra fún mi lẹ́yìn ìtàgé. Ó fi àkísà mọ́ ìbàdí mi kó lè tóbi, ó ró ìró lórí ìró, ó fi ọ̀já gba àyà mi lọ́tùn-ún lósì, ó wá fi ti Ìyá Ìbejì gbà á nídìí lé gbogbo rẹ̀ lórí. Òógùn bò mí kí n tó ṣísẹ̀. Aṣọ náà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n bí mo ti ń rìn, ó ń mú mi nàró. N ò lè sáré, n ò lè tẹ̀ jẹ́jẹ́ bí olè. Bí ìyá tó mọ ara rẹ̀ ni mo ṣe ń rìn.

Mo jáde. Gbọ̀ngàn kún. Bàbá mi wà níwájú, ó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ìlù pè mí, mo dá a lóhùn, ṣaworo ń bá mi sọ̀rọ̀. Ijó wọ̀ mí lára débi pé n ò tètè mọ̀ pé ọ̀já ìdí mi ti ń tú. Àfìgbà tí mo rí etí rẹ̀ nílẹ̀. Bó bá bọ́, gbogbo ìró á bá a lọ. Ìrùkẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi méjèèjì.

Mo ń jó lọ, mo ń rò ó, ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn ìtàgé. Ìyá Ìbejì ni, tàwọn ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn mi.

"Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọmọ mi," wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú etí ọ̀já náà méjèèjì, wọ́n fà á, wọ́n jù ú sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fún un, wọ́n sì kì í bọ ẹ̀gbẹ́, bí abiyamọ ṣe ń ṣe bó bá gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Ó ti le. Máa jó lọ."

Àwọn onílù ti dẹ ọwọ́ sílẹ̀. Ibi tí Àlàájà jókòó sí ni àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan dìde, òmíràn dìde, kò sì pẹ́ tí kò ku obìnrin kan lórí ìjókòó. Ìlù tún gbóná. N ò jó bẹ́ẹ̀ rí, bóyá n ò sì tún jó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn èrò rò pé inú eré ló wà. Olùkọ́ wa ló mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Bí aṣọ ìtàgé ti wá sílẹ̀, ó di ọwọ́ Ìyá Ìbejì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fi wá sílẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe yẹn gbọ́dọ̀ máa wà nínú eré yìí."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. "Bí kò bá ti bọ́ sí ọjọ́ tí a ń kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Nínú takisí tó gbé wa padà sí Agbowó, bàbá mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú wa. Bí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan dírẹ́bà léjìká.

"Ọmọ mi ló jó lónìí."

"Kí ló jó, Bàbá?"

"Gẹ̀lẹ̀dẹ́."

Dírẹ́bà wò mí nínú dígí. "Obìnrin?"

"Aṣọ àwọn ìyá ẹ̀ ló wọ̀," ni bàbá mi wí, ó sì fẹ̀yìn tì.

Mo fọ gbogbo aṣọ náà, mo lọ̀ wọ́n, mo sì dá wọn padà láti yàrá dé yàrá. Ìyá Ìbejì gba ọ̀já wọn, wọ́n tẹ́ ẹ lé itan. "Nígbà tí mò ń dì í fún ẹ," wọ́n wí, "ọwọ́ mi ò gbàgbé nǹkan kan." Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́: bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, bó ṣe jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ hu eyín.

A gbé eré náà dé Òṣogbo àti Abẹ́òkúta kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé padà, Ìyá Ìbejì sì bá wa lọ síbi méjèèjì. L'Ábẹ́òkúta, ọkùnrin kan bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ eré. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní àwọn ò kọ́ṣẹ́ kankan, àwọn bímọ ni.