Nọ́ńbà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lè Pín

Egon Brask ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ìṣirò ní ìlú Ribe, ṣùgbọ́n àtúnṣe kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Bí oníbúrẹ́dì bá ní, "Ó tó bíi mẹ́wàá," Egon á ní kó kà á.

Nọ́ńbà kan ló fẹ́ràn jù láyé: 1,000,001. Ó ní òun ti pín in títí, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi ọ̀kan àti nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀.

"Bí èmi àti Solvejg ìyàwó mi ṣe rí nìyẹn," ni ó máa ń wí. "Ẹnikẹ́ni ò lè pín wa."

Ó ti ní kí agbẹ́kùúta gbẹ́ ẹ sára òkúta ibojì àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí ìgbéyàwó wọn bá pé àádọ́ta ọdún ni agbẹ́kùúta náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn aládùúgbò ti fi ewé àti òdòdó yí ẹnu ọ̀nà wọn ká kí oòrùn tó yọ. Wọ́n kọ 1,000,001 gàdàgbà sókè rẹ̀, wọ́n kọrin, wọ́n wá ń retí kọfí. Inú Egon dùn, àfìgbà tó rí i pé ewé ti bo nọ́ńbà ilé.

"Preben, báwo ni alálétà ṣe máa mọ ilé wa?" ó bi ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò náà.

"Tíṣà, alálétà ló ń jẹ búrẹ́dì yín lọ́hùn-ún yẹn."

"Ohun tó tọ́, ó tọ́ náà ni."

Ó kọ nọ́ńbà ilé sára páálí, ó gbé e kọ́ sábẹ́ nọ́ńbà tó wà lókè: 101.

Solvejg gbé kọfí jáde. Ó wòkè, ó wo ìsàlẹ̀.

"Egon, ṣé o ti fi nọ́ńbà ilé wa pín in rí?"

"Láti orí méjì dé ọgọ́rùn-ún, kò sí èyí tí mi ò fi pín in."

"Ọgọ́rùn-ún. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó rẹ̀ ọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Egon náà rẹ́rìn-ín, bí tíṣà tí ọmọ bi ní ìbéèrè òpè. Ó fa bírò yọ, ó ń ṣírò sára bébà ìnuwọ́. Ẹ̀rín kọ́kọ́ kúrò lójú rẹ̀, ó wá kúrò létè. 101 lọ́nà 9,901. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ iṣẹ́ ọmọ tó bá dá ìṣirò dúró lójú ọ̀nà.

"Tíṣà," Preben ní, "ṣé ká tú ewé wa ni?"

Egon ti ń pe agbẹ́kùúta lórí fóònù.

"Ẹ má fọwọ́ kan òkúta yẹn o!"

Solvejg gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbẹ́ ẹ. Kí ẹ kọ 101 lọ́nà 9,901 sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pín wa, ẹnu ọ̀nà wa ló máa kọ́kọ́ gbà."

Egon tẹ ẹnu mọ́ fóònù láti ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àmì ìsọdipúpọ̀ yẹn. Tó bá yí díẹ̀ báyìí, ó ti di àròpọ̀ nìyẹn."