Láti Ìbàdàn sí Àbújá, Kí N Tó Gbálẹ̀

Ìyàwó mi kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó bá lọ sí ìrìn àjò. Ó di ìgbà tí onítọ̀hún bá pè pé òun ti gúnlẹ̀ kí ó tó mú ìgbálẹ̀. Èmi tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì jẹun a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé ìgbálẹ̀ rẹ ló ń gbé bàálù dúró lókè ni?"

Á ní, "Ẹ jẹ́ kó gúnlẹ̀ ná, Tíṣà."

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa fẹ́ gbá yàrá ìyá rẹ̀ kí ó tó padà sí Àbújá. Mo ní kó fi í sílẹ̀, èmi ni màá gbá a. Mo fi ọkọ̀ gbé e láti Bódìjà lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní Alákìá, mo padà sílé. Èérún búrẹ́dì rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Mo mú ìgbálẹ̀. Mo tún gbé e sílẹ̀.

Ìgbà wo ni yóò dé? Mo ṣí fóònù. Ibì kan ní irínwó kìlómítà àti díẹ̀ ni, pé bàálù kò ní lò tó wákàtí kan. Ibòmíràn ní ó lé ní wákàtí kan. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tún sọ tirẹ̀. Ó yẹ kí ó yé mi: ọ̀kan fa ìlà tààrà lójú ọ̀run, ọ̀kan ka yíyí tí bàálù ń yí kí ó tó balẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì sì ka ìdúró orí ilẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irú ìṣirò yìí rí. Síbẹ̀ orí mi kò gbà á. Mo ṣírò, mo tún un ṣe, ìdáhùn yàtọ̀. Gbogbo àkókò tí wọ́n dá ló kọjá, fóònù kò dún.

Ó pè nígbẹ̀yìn. "Dádì, mo ti dé o! Wọ́n kàn fi wá jókòó sínú bàálù ní Alákìá ni, wọn ò tètè gbéra."

"Ọpẹ́ ni. Mo lè gbálẹ̀ wàyí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Dádì! Mọ́mì ti gbà yín sẹ́gbẹ́ nìyẹn."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Ó ní, "Ẹ má gbàgbé yàrá Mọ́mì o."

Mo gbá pálọ̀, mo gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìyàwó mi. Páúdà tó dà sílẹ̀ ṣì wà níwájú dígí. Mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Ta ni yóò pè mí pé ìyàwó mi náà ti gúnlẹ̀? Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó? Mi ò mọ ibi tí ènìyàn ti í wo ìyẹn.

Mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà yóò bi mí lọ́la bóyá mo ti gbá yàrá ìyá rẹ̀.