Sáìmù Inú Ìgbín Mọ̀dínátù

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Mọ̀dínátù ní ọdún 1971. Ìyánsàn ló ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣe epo. Nígbà òjò, ó ń ṣa ìgbín. Kò kàwé, ṣùgbọ́n bí o bá gbé epo síwájú rẹ̀, á wo àwọ̀ rẹ̀, á sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é fún ọ, á sì sọ bóyá iná pọ̀ jù nídìí rẹ̀.

Lásìkò òjò ọdún náà, tíṣà kan ránṣẹ́ sí i láti Òkìtìpupa. Olúsànyà lorúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé gírámà. Àwọn ọmọ ti gba ọlidé, òun wà nídìí ìwádìí kan tó fẹ́ kó lọ sí yunifásítì n'Íbàdàn. Ìgbín ló fẹ́.

Mọ̀dínátù gbé agbọ̀n dé.

"Ẹran rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ o, Ìyá," ni Olúsànyà wí. "Ìdọ̀tí ìdí rẹ̀ nìkan. Ẹ máa gbé ẹran rẹ̀ lọ sílé."

Mọ̀dínátù wò ó láti òkè délẹ̀. "Èyí tí a ń gé dà sí adìẹ?"

"Òun náà ni. Ṣé ẹ rí i, ara ẹran máa ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Gláíkójìn là ń pè é."

"Bí a ṣe ń gbé púpurú ẹ̀gẹ́ sórí àjà iná kó lè pẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Nígbà tí ara bá fẹ́ lò ó, ohun kan ní láti tú u. Ohun tó ń tú u wà nínú ìdọ̀tí ìgbín. Mo fẹ́ wọn agbára rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù lorúkọ rẹ̀."

"Ta ni Sáìmù?"

Olúsànyà fẹ́ ṣàlàyé. Ó rò ó, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sáìmù ló ń jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń wọn Sáìmù kò le. Olúsànyà á gún ìdọ̀tí ìgbín, á sẹ́ ẹ, á po omi rẹ̀ mọ́ gláíkójìn nínú ìgò, á gbé ìgò náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan á kán díẹ̀ sórí àwo funfun, á wá kán áyódìnì lé e, oògùn tí wọ́n ń fi sójú ọgbẹ́. Bí gláíkójìn bá ṣì wà níbẹ̀, á pupa. Bí Sáìmù bá ti tú u tán, kò ní pupa mọ́. Bó bá tètè tán, Sáìmù lágbára. Bó bá pẹ́, ọ̀lẹ ni.

Ohun kan ló ń da Olúsànyà láàmú. Ojú rẹ̀ kì í mọ pupa. Ẹyìn tó pọ́n àti ewé ọ̀pẹ, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ láàbù ló máa ń bá a wò ó, ìyẹn sì ti lọ sílé. Ó bẹ Mọ̀dínátù kó jókòó ti àwo náà.

"Ẹ ṣáà sọ fún mi nígbà tí kò bá pupa mọ́."

"Ó ti dára."

Lọ́jọ́ Ajé, ó kán an. "Ó pupa," ni Mọ̀dínátù wí. Ó di ìṣẹ́jú márùn-ún. "Ó pupa." Ó di ogún. "Ó pupa." Nígbà tó pé ogójì, Olúsànyà da gbogbo rẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ náà ni l'Ọ́jọ́rú.

"Ìyá, àwọn ìgbín yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Àná ni mo ṣà wọ́n."

"Kò sí nǹkan nínú wọn. Lọ́la ni mo ń parí ìwé mi lórí ìgbín yín. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbín Ìyánsàn kò ṣiṣẹ́. Màá wá lọ ra ìgbín àwọn ará Òde-Ìrèlè."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mọ̀dínátù. Ó ti ń ṣa ìgbín láti kékeré, kò sẹ́ni tó pe ìgbín rẹ̀ ní òkú rí. Bí àwọn obìnrin Òde-Ìrèlè bá gbọ́, kò ní lè gbé agbọ̀n sọ̀ lọ́jà mọ́.

Àmínù ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Wọ́n ní Sáìmù kú. Ṣé wọ́n ti kírun sí i lára?"

"Jẹun rẹ."

"Èmi ò jẹ ìgbín tí Sáìmù kú sí nínú. Gbé ẹja fún mi."

L'Ọ́jọ́bọ̀, Mọ̀dínátù padà lọ, ẹnikẹ́ni kò pè é. Ìgbín tó ṣà láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé dání.

"Kán an," ló wí.

Olúsànyà kán an, kò kàn fẹ́ bá a jiyàn ni.

"Ó pupa. Ó pupa. Ó pupa."

Ní ìṣẹ́jú kejìlá, Olúsànyà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó mú kálàmù. Mọ̀dínátù wo àwọn ẹ̀kán tó tò lórí àwo.

"Má tíì kọ ọ́. Sáìmù ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó pupa ni."

"Ó pupa. Èyí àkọ́kọ́ pupa bí obì. Tàárín pupa bí epo. Èyí tó kẹ́yìn pupa bí oyin."

Olúsànyà gbé kálàmù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ṣé bó ṣe rí láti ọjọ́ Ajé nìyẹn?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"O ò bi mí. O ní kí n sọ tí kò bá pupa mọ́, mo wá ń retí kó funfun. Ṣé oyin kò pupa ni? Òkìtì tí wọ́n fi sọ ìlú yìí lórúkọ ńkọ́, ṣé bí obì ló ṣe pupa?"

Olúsànyà kán áyódìnì sínú omi lásán, kò fi gláíkójìn sí i. "Èyí ńkọ́?"

"Oyin."

Ó di orí mú, ẹ̀rín pa á. Àwọ̀ áyódìnì fúnra rẹ̀ ni oyin. Bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, Mọ̀dínátù á máa sọ pé ó pupa ni.

Wọ́n tún un ṣe. "Obì," ni Mọ̀dínátù ń pè. "Obì. Epo. Epo." Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án ó ní, "Oyin." Wọ́n tún ṣe é, ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́sàn-án.

"Ọ̀lẹ kọ́ ni Sáìmù yìí o, Ìyá," ni Olúsànyà wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Fi ibi tí o kọ Ìyánsàn sí hàn mí."

Ó fi hàn án. Mọ̀dínátù fi ìka kàn án, ó rí i pé yíǹkì ò tíì gbẹ, ó tètè gbé ìka kúrò. Ó di ẹran ìgbín rẹ̀ sínú ewé, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Nígbà tó sè é tán, Àmínù jókòó, ó na ọwọ́ sí abọ́.

"Ẹja ni tìrẹ," ni Mọ̀dínátù wí. "Ìwọ lo ní Sáìmù kú."

Púpurú ni Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, púpurú méjì àti ìgbín márùn-ún.